Bí Ẹ Ṣe Lè Nasẹ̀ Lábẹ́ Àwọn Igi Àgbà Nígbà Tí Ẹ Bá Ń Gba Èkìtì Kọjá

Bí ọdún bá ti kù dẹ̀dẹ̀ báyìí, ìbéèrè kan náà ni ẹ máa ń bi mí: "Ìbàdàn la ti ń bọ̀, Adó là ń lọ, àwọn ọmọ wà lẹ́yìn ọkọ̀, ìbàdí ti ń ro wá. Níbo la ti lè sọ̀ kalẹ̀ kí a rìn díẹ̀ lábẹ́ igi ńláńlá, kí a sì padà sínú ọkọ̀ láìsí wàhálà?" Mo ti dáhùn rẹ̀ lórí fóònù títí ó ti sú mi. Òun ni mo wá kọ sílẹ̀ yìí.

Ìṣẹ́jú 40 ti tó. Ẹ lo 20 láti wọlé, kí ẹ lo 20 láti jáde. Ẹni tó bá ń wá wákàtí mẹ́ta, ọjọ́ mìíràn ni kó fi ṣe é, kì í ṣe ọjọ́ ìrìnàjò.

Ibi tí ẹ lè yà sí

*Ìkógòsì.* Ibí ni mo máa ń ní kí ẹni tí kò ṣe é rí kọ́kọ́ lọ. Tí ẹ bá ń bọ̀ láti Adó, ẹ gba Ìyìn àti Ìgèdè dé Arámọkọ, kí ẹ yà sí ọ̀nà Èrìjìyàn, ọ̀nà yẹn náà ló máa gbé yín dé Ìkógòsì. Tí ó bá jẹ́ Iléṣà lẹ ti ń bọ̀, ẹ ó kọ́kọ́ kan Ìtàwúrẹ́ kí ẹ tó dé Arámọkọ. Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n fún omi gbígbóná àti omi tútù tó pàdé ara wọn níbẹ̀. Ẹ wo omi náà tán, kí ẹ wá gbójú sókè: igi tó wà níbẹ̀ ga débi pé ọ̀sán gangan lè dà bí ìrọ̀lẹ́ lábẹ́ wọn. Ẹnubodè wà, ọ̀nà ẹsẹ̀ wà, àwọn òṣìṣẹ́ sì wà tí ẹ lè bi léèrè ọ̀rọ̀. Ẹ mú owó bébà dání fún owó ìwọlé. Tíránsífà kì í fìgbà gbogbo lọ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń ṣe ségesège.

*Àrìnta, ní Ìpólé-Ìlórò.* Kò jìnnà sí Ìkógòsì rárá. Omi tó ń já láti orí àpáta ló sọ ọ́ di ìlú mọ̀ọ́ká, ṣùgbọ́n inú igbó lẹ ó gbà débẹ̀, ìgbádùn ibẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó gbọ́ ariwo omi. Òkúta ibẹ̀ máa ń yọ̀ bí ọṣẹ lẹ́yìn òjò. Ẹ má gbé ọmọ sẹ́yìn gun ibẹ̀.

*Igi àárín ìlú.* Ẹni tí àkókò kò bá sí fún nìyí. Ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì ló ní igi àgbà kan tàbí méjì nítòsí ààfin tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, tí àwọn àgbàlagbà ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ ta ayò. Ẹ kí wọn, ẹ tọrọ àyè, ẹ jókòó.

Ibi méjì wà tí mi ò ní kí ẹ yà sí. Àkọ́kọ́ ni igbó ọba ti Ìsẹ̀, ìyẹn igbó tí ìjọba ń dáàbò bò. Orúkọ rẹ̀ tàn nítorí àwọn ìnàkí (ṣimpansíì) tó kù síbẹ̀, irú èyí tí kò sí níbòmíràn lágbàáyé ju Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù lọ. Ìdí yẹn gan-an ni kì í fi í ṣe ibi tí a ń nasẹ̀ sí. Ẹ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ, kí ẹ ní ẹni tó mọ igbó, kí ẹ sì yọ odidi ọjọ́ kan sọ́tọ̀. Èkejì ni igbó èyíkéyìí tí kò lórúkọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, bó ti wù kí ó wuyì tó. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀nà ṣe rí lóde òní. Ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ pé ẹ wà kì í ṣe ibi tí ẹ ó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ tí ẹ ó sì máa rìn wọ inú igbó lọ.

Ohun tí ẹ ó mú dání

- Bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀. Sílípáàsì kò wọ igbó.
- Ṣòkòtò gígùn àti ìbọ̀sẹ̀, títí kan àwọn ọmọdé.
- Omi mímu fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.
- Tọ́ọ̀ṣì, àní bí ó bá jẹ́ aago mọ́kànlá àárọ̀.
- Fóònù tó ti gba iná dáadáa, tí ẹ sì ti gba àwòrán ọ̀nà sórí rẹ̀ láti ilé.
- Fèrè kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan.
- Sẹ́lótéèpù. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀.

Ẹ má fi lọ́fínńdà sára. Oyin máa ń tọ òórùn dídùn.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ńkọ́? Mo mọ̀ pé iyán Èkìtì ń pè yín láti Arámọkọ. Ẹ jẹ́ kó máa pè. Ẹni tó bá gbé òkèlè mẹ́jọ mì kó tó wọ igbó, gbòǹgbò àkọ́kọ́ ló máa jókòó lé. Ìgbà tí ẹ bá jáde ni kí ẹ jẹ iyán.

Ìgbésẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ

1. Ẹ pinnu aago tí ẹ ó jáde kí ẹ tó wọlé. Mo máa ń fẹ́ kí ènìyàn ti wọlé kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó kọjá. Tó bá di ọ̀sán ni ẹ débẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ ti padà sínú ọkọ̀ kí aago mẹ́rin tó lù. Oòrùn kì í wọ̀ títí aago mẹ́fà fi kọjá, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀ abẹ́ igi ti máa ń ṣú ṣáájú ìyẹn.

2. Ẹ sọ fún ẹnì kan tí kò sí nínú ọkọ̀. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ kúkúrú ránṣẹ́ sílé: "A ti dé Ìkógòsì, a máa tún pè ní aago méjì." Ẹ rán an kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè lọ bí ẹ bá ti wọ abẹ́ igi.

3. Ẹ páàkì síbi tó yẹ. Ẹ páàkì sí ọgbà tàbí iwájú ilé tí ẹ ti tọrọ àyè. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ má ṣe gbé ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn jìnnà lé orí koríko gbígbẹ. Ìdí ọkọ̀ máa ń gbóná gan-an, koríko inú ọyẹ́ kò sì béèrè ju ìyẹn lọ kó tó gbiná. Ẹ má páàkì sábẹ́ igi àgbà fúnra rẹ̀ náà.

4. Ẹ kí, kí ẹ tó béèrè. Ìgbésẹ̀ yìí ni àwọn ará ìlú ńlá máa ń fò, òun sì ni mo kà sí jù. Ẹ má nawọ́ sí igi láti inú ọkọ̀ pé "Ẹ̀yin, ibo lọ̀nà ibẹ̀ gbà?" Ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ọkùnrin dọ̀bálẹ̀ tàbí kó tẹ̀ díẹ̀, obìnrin kúnlẹ̀. Ohun tí mo máa ń sọ nìyí:

"Ẹ kúulé o, bàbá. Àlejò ni wá. Ó wù wá kí a nasẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ àwọn igi wọ̀nyẹn. Ṣé kò sí èèwọ̀ níbẹ̀ lónìí?"

Ẹ fi "lónìí" kún un. Ibi tó ṣeé wọ̀ lánàá lè máà ṣeé wọ̀ lónìí bí wọ́n bá ń ṣe orò tàbí ọdún. Bàbá kan dá mi lóhùn nígbà kan pé, "Ẹ lè lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má kọjá màrìwò, ẹ má sì já ewé." Ọ̀rọ̀ méjì péré ló sọ, ó sì ṣiṣẹ́ ju pátákó ìkìlọ̀ lọ. Bí ẹnì kan bá gbà láti mú yín lọ, ẹ fún un ní nǹkan nígbà tí ẹ bá jáde. Ẹ má dúnàádúrà níwájú igi.

5. Ẹ ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọnú ìbọ̀sẹ̀. Kò gún régé lójú, mo mọ̀. Ẹ ṣe é.

6. Ẹ wo òkè, lẹ́yìn náà ẹ wo ilẹ̀. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Kí ẹ tó bọ́ sábẹ́ igi kan, ẹ dúró lókèèrè kí ẹ wò ó bóyá ẹ̀ka gbígbẹ wà lórí rẹ̀, pàápàá ní oṣù kẹta àti ìkẹrin tí òjò àkọ́rọ̀ máa ń bá ìjì rìn. Bí atẹ́gùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, ẹ jáde. Ẹ má dúró ya fọ́tò ìjì. Tí ẹ bá wá dé abẹ́ igi náà, ẹ wo ibi tí ẹ dúró lé kí ẹ tó tún gbójú sókè.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó kọ́ mi. Mo dé ìdí ìrókò kan, mo gbé fóònù sókè, mò ń wá bí gbogbo igi náà ṣe máa wọ inú fọ́tò. Mo fà sẹ́yìn díẹ̀. Mo tún fà sẹ́yìn. Igi ni mò ń wò, àwọn ìjàlọ ti ń wo èmi. Orí ọ̀nà wọn gan-an ni mo dúró lé, ṣòkòtò mi kò sì sí nínú ìbọ̀sẹ̀. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń gùn mí. Ìgbà tí wọ́n dé itan ni mo tó mọ̀. Etí títì ni mo ti bọ́ ṣòkòtò, bọ́ọ̀sì akérò kan sì ń kọjá lọ.

7. Ẹ má kúrò lójú ọ̀nà ẹsẹ̀. Pàkúté ọdẹ wà nínú igbó, kò sì mọ àlejò yàtọ̀ sí òkété. Ibi tí ọ̀nà bá ti pín sí méjì, ẹ yíjú padà kí ẹ wo bí ibẹ̀ ṣe rí láti ẹ̀yìn, torí ojú yẹn lẹ ó fi mọ̀ ọ́n nígbà tí ẹ bá ń bọ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Bí ọ̀nà bá gba inú oko kòkó, oko olóko ni: ẹ má já nǹkan kan, bí ẹ bá sì gbóòórùn oògùn tí wọ́n fín, ẹ ṣẹ́rí padà.

8. Ẹ yan igi kan. Àwọn tó ń sáré wo igi mẹ́wàá kì í rántí ọ̀kan. Ẹ yan ẹyọ kan kí ẹ lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá nídìí rẹ̀. Ẹ yí i ká. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ di ọwọ́ ara wọn mú yí i ká, kí wọ́n ka iye ènìyàn tó gbà wọ́n. Tí ẹ bá fẹ́ fi okùn wọ̀n ọ́n, mítà kan àti díẹ̀ (1.3) sókè ilẹ̀ ni àwọn onímọ̀ igbó ti ń wọ̀n igi. Bí gbòǹgbò rẹ̀ bá gbé ara sókè bí ògiri, òkè ògiri yẹn ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, nítorí náà ẹ fi tirẹ̀ sílẹ̀.

9. Tí ìṣẹ́jú 20 bá pé, ẹ yí padà. Ẹ yí padà bí ó tilẹ̀ kù díẹ̀ kí ẹ dé ibi tí ẹ ń lọ.

10. Kí ẹ tó wọ ọkọ̀, ẹ gbọn bàtà, ẹ wo ẹ̀yìn ọrùn àwọn ọmọ, kí ẹ ka orí gbogbo yín.

Igi wo lẹ ń wò?

*Àràbà* ni ẹ máa kọ́kọ́ dá mọ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ yọ sókè bí ògiri tí ọmọdé lè sá pamọ́ sáàárín rẹ̀. Èyí tó ṣì kéré ní ẹ̀gún kíkúrú, kíki, lára igi rẹ̀. Ewé rẹ̀ pín bí ìka ọwọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó máa ń wọ́wé, òwú rẹ̀ á sì máa fò káàkiri bí ìgbà tí wọ́n tú tìmùtìmù.

*Ìrókò* kì í ṣe ògiri nídìí bẹ́ẹ̀. Ó kàn dúró ṣánṣán, ara rẹ̀ dúdú bí eérú tí òjò pa, ẹ̀ka kì í sì bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀ títí ọrùn yóò fi dùn yín. Bí nǹkan bá bó o lára, oje funfun bíi wàrà ló máa yọ. Akọ ìrókò wà lọ́tọ̀, abo wà lọ́tọ̀. Abo ló ń so èso, àdán ló sì ń jẹ ẹ́ tó ń gbé irúgbìn rẹ̀ kiri. Bí ẹ bá rí ìgbẹ́ àdán nílẹ̀, ẹ má lanu wòkè.

*Arère* ní ewé tó tẹ́ bí àtẹ́lẹwọ́. *Apá* lẹ ó fi èso rẹ̀ mọ̀: kóró dúdú dídán tó dé fìlà pupa rẹ́súrẹ́sú. *Ọ̀gànwó* ni èyí tí wọ́n ti bó èèpo rẹ̀ ní ìdí, torí èèpo rẹ̀ wọ́pọ̀ nínú àgbo. Ẹ má fi ọ̀bẹ yín kún un.

Ẹnì kan lè sọ fún yín pé igi kan ti pé ọdún 500. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ dúpẹ́. Ọ̀pọ̀ igi ilẹ̀ wa kì í ní òrùka ọdọọdún tó ṣe kedere nínú bí igi ilẹ̀ òtútù, kò sì sí bí ojú lásán ṣe lè ka ọjọ́ orí wọn.

Àmì tó ní kí ẹ dúró

- Màrìwò tí wọ́n ta sójú ọ̀nà, bó ti wù kó gbẹ tó.
- Aṣọ funfun tí wọ́n ró mọ́ igi.
- Àwo, obì, epo tàbí ẹyin nídìí igi.
- Ẹnikẹ́ni tó bá ní "Ẹ má lọ." Kò pọn dandan kó ṣàlàyé.

Bí wọ́n bá ní Orò wà níta, kí àwọn obìnrin má ṣe jáde nínú ọkọ̀, kí gbogbo yín sì wakọ̀ yín lọ. Onígbàgbọ́ tàbí mùsùlùmí, ilé onílé lẹ wà. Ẹ má tẹ àwo mọ́lẹ̀ láti fi hàn pé ẹ kò bẹ̀rù.

Àṣìṣe tí mo máa ń rí

Gbígbé ẹ̀rọ orin wọ igbó. Fífi ọ̀bẹ kọ orúkọ sára igi, títí kan orúkọ ìyàwó. Kí ènìyàn ti ọwọ́ bọ ihò igi (sèbé àti paramọ́lẹ̀ kì í fi lẹ́tà ránṣẹ́). Kí a fi ike omi sílẹ̀. Kí a tú sìgá tàbí èédú sílẹ̀ nígbà ọyẹ́. Kí bàbá ọmọ máa rìn lọ níwájú, kí ìyá ọmọ wà lẹ́yìn pátápátá pẹ̀lú ọmọ ọwọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì wà láàárín pẹ̀lú àwọn tó kù. Ẹni tó bá lọ́ra jù ni kó máa ṣíwájú, kí gbogbo yín máa bá ìrìn tirẹ̀.

Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀

*Wèrèpè.* Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni irun rẹ̀ máa ń fò jù. Ẹ má họ ọ́, ẹ má fọwọ́ ra á. Ẹ lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ibẹ̀ kí ẹ ṣí i kúrò léraléra títí irun náà á fi tán, kí ẹ wá fi omi ṣàn án. Ẹ bọ́ aṣọ yẹn sínú ọ̀rá, ẹ má kó o mọ́ aṣọ tó kù.

*Ìjàlọ.* Ẹ sá kúrò lójú ibẹ̀ ná, kí ẹ tó máa já wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ńlá yẹn kì í jù sílẹ̀ bí ẹ bá kàn gbọn aṣọ.

*Oyin.* Ẹ bo ojú, ẹ sáré tààrà wọ ọkọ̀, ẹ ti fèrèsé. Ẹ má ju ọwọ́.

*Ejò.* Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ṣán jókòó jẹ́ẹ́, ẹ bọ́ òrùka àti aago ọwọ́, ẹ fi igi gbé ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà ró kó má mì, ẹ kọ aago tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má fi abẹ sín in, ẹ má fẹnu fà á, ẹ má fi okùn dì í pinpin. Ẹ má wá ejò náà láti pa. Ilé ìwòsàn ló kàn: èyí tó tóbi, tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà, wà ní Adó àti ní Ìdó-Èkìtì. Kí ẹnì kan pè ṣáájú láti béèrè bóyá oògùn oró ejò wà nílẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn kéékèèké ló ní i.

*Bí ẹ bá ṣìnà.* Ẹ dúró. Ẹ fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ sinmi, ẹ tún fọn ọ́n. Ẹni tó bá ń rìn káàkiri nìkan ló ń sọnù sí i. Nọ́ńbà 112 ni ti pàjáwìrì. Ti ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni 122, bó bá jẹ́ ọkọ̀ ló ní ìjàm̀bá.

Bí ẹnì kan kò bá lè rìn

Àgbàlagbà máa ń wà nínú ọkọ̀, orúnkún wọn kò sì gba gbòǹgbò mọ́. Ẹ má fi wọ́n sínú ọkọ̀ tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀. Ẹ gbé àga ike kan sẹ́yìn ọkọ̀ láti ilé, kí ẹ tẹ́ ẹ fún wọn síbi ibòòji nítòsí ẹnubodè, kí ẹnì kan dúró tì wọ́n.

Ìyá mi kì í wọlé mọ́. Iṣẹ́ tó máa ń rán mi ni pé kí n mú ewé kan bọ̀, èyí tó ti jábọ́ sílẹ̀ o, kì í ṣe èyí tí mo já. Mo máa ń gbé e lé e lọ́wọ́, á fi àtàǹpàkò ra á, á gbóòórùn rẹ̀, á sì dárúkọ igi náà kí n tó rí ìgbànú ọkọ̀ fi dè é.